Ohun tọ́wọ́ onídìrí bà lórí ọmọ náà

Ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí mò ń lọ wà ní Ìgbóǹnà níbí ní Òṣogbo, ó fara sin díẹ̀ sẹ́yìn títì. Obìnrin mẹ́fà ló lè jókòó sínú rẹ̀. Bí ẹnì keje bá dé, bẹ́ǹṣì ìta ló máa jókòó sí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti ń lọ síbẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, kì í ṣe ní Òṣogbo, mo sì bá àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ dúró fún ọdún mẹ́jọ. Ìyá ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má dárúkọ ọmọ, kí n má sì dárúkọ ilé ìwòsàn tàbí ilé àdúrà kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe é.

Ọ̀sán Sátidé ni. Èmi ló wà lórí àpótí, onídìrí ń la irun mi lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń wá orin tí yóò fi sí i. Ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ kiri ni fídíò kan ti jáde. Obìnrin òyìnbó kan dùbúlẹ̀, ó gbé gòjé òyìnbó lé èjìká, ó ń ta á. Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sókè níbi orí rẹ̀, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbárí tí wọ́n ti ṣí, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Obìnrin náà kò dá gòjé rẹ̀ dúró.

Òòyà dúró sínú irun mi. Mo ń mọ̀ ọ́n lára bí ọwọ́ onídìrí ṣe ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀.

“Ojú ẹ̀ là sílẹ̀ o! Ẹ wá wò ó!” Ọmọ iṣẹ́ ló pariwo. Ìyá alátà tó ń dúró de àkókò tirẹ̀ fi ìborùn bojú, ó ní kí wọ́n pa á kíá, ara òun ò gbà á. Ṣùgbọ́n kò jáde. Abẹ́ ìborùn ló ti ń yọjú wò ó. Àlhájà kan tó ń ta góòlù ní Ọjà Ọba sún àga rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Ìjọ tó wọ aṣọ funfun, tó kàn wá ra òróró irun, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní idán ni, ayé ti di ayé fídíò, ohun gbogbo ni wọ́n lè ṣe nínú kọ̀ǹpútà.

Mo ní kì í ṣe idán. King's College Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é, lọ́dún 2020. Kókó kan ló wà níwájú ọpọlọ obìnrin náà lápá ọ̀tún, nítòsí ibi tó ń darí ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì sì ni ẹni tó ń ta gòjé fi ń tẹ okùn rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè jí kó má lè tẹ okùn mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jí i láàárín iṣẹ́, tí wọ́n ní kó máa ta á: bí orin náà bá ti ń dà rú, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ti ń sún mọ́ ibi tí kò yẹ.

“Ṣé kò dùn ún ni?” Onídìrí ló béèrè.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ orí ló ń dùn, àti awọ líle tó bo ọpọlọ. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n fi ń pa ìyẹn lẹ́nu mọ́. Àwọn dókítà ti mọ èyí tipẹ́. Ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Dókítà Wilder Penfield ní Montreal, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, máa ń fi iná mànàmáná tó kéré gan-an kan ọpọlọ ẹni tó ní wárápá, ẹni náà yóò wà lójúfò, yóò sì máa sọ ohun tó ń ṣe é: ìka mi ń ta mí, mo gbọ́ ohùn kan, ẹnu mi kú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ibi tí ó yẹ kí abẹ dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé.

Ìyá Ìjọ ní kí n dákẹ́ ná. Ó bọ́ sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Ó ní orí ni Ọlọ́run fi dá èèyàn mọ̀, pé ẹni tó bá ṣí orí ẹlòmíì ti ṣí àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀, pé ta ló mọ ohun tí wọ́n mú níbẹ̀ kí wọ́n tó pa á dé. Ó ka Kíróníkà Kejì, orí 16, láìṣí Bíbélì: Ásà ọba, tí ẹsẹ̀ ń dùn, kò wá Olúwa, àwọn oníṣègùn ló wá. “Kí ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀? Ó kú!”

Àlhájà rẹ́rìn-ín. Ó ní Ànábì sọ pé Ọlọ́run ò sọ àrùn kan kalẹ̀ àfi kó sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá fa gèlè rẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ orí ba, ó ní kí a wo àwùjẹ̀ òun. Gbẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ti di dúdú. “Ọmọ oṣù mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n sín in. Ta ni kò sí abẹ lórí rẹ̀ nínú wa? Ẹ̀yin náà, Ìyá Ìjọ, ẹ ṣí fìlà yẹn.”

Ìyá Ìjọ ò ṣí i.

Èmi náà mú Bíbélì lò, torí mo mọ̀ pé ohun tó máa yé e jù nìyẹn. Mo ní nínú ìwé Àìsáyà orí 38, Ọlọ́run ti kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ ayé Hesekáyà. Ó ti ṣèlérí tán. Síbẹ̀ wòlíì yẹn náà ló tún ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo ọba kó lè yè. Ìyá Ìjọ rò ó díẹ̀, ó ní, “Ọ̀pọ̀tọ́ kì í ṣe abẹ.” Ó ní ìdáhùn, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi irú obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sí lára wọn. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ wà nínú èrò tó rọ́ lọ sí Iléṣà lọ́dún 1930, nígbà ìsọjí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á gbọ́ nígbà náà ló kọ àgbo, tí wọ́n kọ oògùn òyìnbó pẹ̀lú, omi tí wọ́n gbàdúrà sí nìkan ni wọ́n ń mu. Wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lójú àlá. Ẹgbẹ́ aládùúrà tó ṣáájú wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde gbérí lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, nígbà tí àrùn náà ń pa èèyàn tí dókítà ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi dá a dúró. Ẹni tí ìyá ìyá rẹ̀ la irú ọdún bẹ́ẹ̀ já, tí ó sì rí i pé àdúrà ni wọ́n fi gba inú rẹ̀ kọjá, a ò lè sọ fún un pé kó dákẹ́ torí pé a rí fídíò kan.

Ọmọ iṣẹ́ yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó wò mí lójú, ó ní, “Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wò ó lójú yín báyìí, ṣé ẹ rí orí inú níbẹ̀?”

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àti Ìyá Ìjọ, àti Àlhájà.

Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fá irun, wọ́n á fi oògùn wẹ awọ orí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á ṣí awọ. Wọ́n á lu ihò sí agbárí, omi ni a ó máa dà sí i bí ẹ̀rọ ṣe ń lù ú, òórùn egungun tó gbóná á sì gba yàrá. Fídíò ò lè gbé òórùn yẹn wá, òun ló sì kọ́kọ́ bá mi. Wọ́n á gé egungun náà kúrò bí ìdérí, a ó sì tọ́jú rẹ̀ títí wọ́n á fi dá a padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí awọ líle abẹ́ rẹ̀. Ọpọlọ á wá hàn: ó funfun, ó pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ lé e lórí bí gbòǹgbò. Ó sì ń mí sókè sódò.

“Ó ń mí?”

Mo ní gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ lẹ ti rí i. Ọmọ tuntun tẹ́ ẹ gbé lé ẹsẹ̀ láti wẹ̀, tẹ́ ẹ wá wo àwùjẹ̀ rẹ̀, tó ń lù kì, kì, kì lábẹ́ awọ: òun náà nìyẹn. Ohun tí mo rí ní yàrá iṣẹ́ abẹ kò ju èyí tẹ́ ẹ ti ń fi òrí pa lọ. Orí inú ni mi ò rí. Bàbá mi máa ń gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀ láàárọ̀ kó tó jáde, ó máa ń kí i, ó máa ń bẹ̀ ẹ́. Mi ò rò pé ibi tí dókítà ṣí yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá alátà ti ká ìborùn kúrò lójú pátápátá. Ó fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ara rẹ̀.

Mo wá sọ fún wọn nípa Látúndé Odẹ́kù, torí àwùjẹ̀ náà ni. Ọmọ Awẹ́ ni, nítòsí Ọ̀yọ́ níbí. Amẹ́ríkà ló ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ, ó sì padà wá sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn lọ́dún 1962. Ní 1971, òun àti Adélọlá Adélóyè kọ nípa kókó kan tí wọ́n máa ń bí mọ́ àwọn ọmọ kan lórí àwùjẹ̀ gan-an, kókó tí kò wọ inú ọpọlọ, tí wọ́n lè yọ kúrò. Títí dòní, orúkọ Yorùbá méjèèjì ni àwọn dókítà ayé fi ń pè é: Adeloye-Odeku. Àlhájà ní kí n tún un pè. Mo tún un pè.

Gbogbo àkókò yìí, obìnrin kan wà ní igun tí kò sọ nǹkan kan. Aṣọ ló ń tà. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún méje, òun ló kàn lẹ́yìn mi. Ọmọ náà ti sùn lé e lẹ́sẹ̀ nígbà tí fídíò bẹ̀rẹ̀, ariwo ló jí i. Ìyá yìí dìde. Ó di ọwọ́ onídìrí mú pẹ̀lú òòyà tó wà níbẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn etí ọ̀tún ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

“Àǹtí, ibi tí mo ní kẹ́ ẹ má máa fà yẹn. Kì í ṣe pé ó ṣubú.”

Kókó kan wà níbẹ̀, ó tó èso ẹ̀wà, abẹ́ awọ ló wà. Láti ibẹ̀, nǹkan kan tó tín-ín-rín, tó rí roboto, gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn sọ̀ kalẹ̀. Onídìrí fi ìka tọ̀ ọ́ títí dé egungun èjìká. Ọdún mẹ́ta ló ti ń di irun ọmọ yìí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe ti àánú nìkan, ó dùn ún pé wọn ò sọ fún un.

Omi kan wà tó yí ọpọlọ ká, ó mọ́ bí omi òjò. Inú ọpọlọ gan-an ló ti ń sun. Nínú àgbàlagbà, ó ń sun tó ìdajì lítà lójúmọ́, ara á sì máa fà á padà. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, omi á gbá jọ. Agbárí ọmọ ọwọ́ kò tíì so pọ̀, torí náà orí á máa fẹ̀, àwùjẹ̀ á yọ síta, ojú ọmọ á máa wo ìsàlẹ̀ débi tí funfun ojú á fi hàn lókè. Wọ́n lè bí i mọ́ ọmọ. Àrùn tó ń mú awọ ọpọlọ wú náà lè fà á. Nílùú Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti ń fi omi tútù tọ́mọ, omi ló dé sórí ọmọ yìí.

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń fi tépù wọn orí ọmọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ń yára fẹ̀. Wọ́n ní emèrè ni lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ náà pọn omi odò wá nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ó fi wẹ̀ ẹ́; ìyá ọmọ kò kọ̀ ọ́. Wọ́n gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbààwẹ̀. Ó sì ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn nílùú mìíràn, wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n fi túùbù kan sí i, tó ń gbé omi náà láti inú ọpọlọ gba abẹ́ awọ lọ sínú ikùn, fáàfù kékeré kan sì ń ṣọ́ bó ṣe ń lọ. (Fáàfù yẹn ní ìtàn tó máa ń wọ̀ mí lára. Lára àwọn tó kọ́kọ́ wúlò ni èyí tí John Holter ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956. Kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ irin ló mọ̀. Ọmọ tirẹ̀ ló ní omi lórí.)

Orí ọmọ wálẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró níwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà. Irọ́ kọ́, ó ní. Àdúrà lòun ń gbà láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn títí wọ́n fi gbé e jáde. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ abẹ, kò dárúkọ túùbù. Àpá náà, ó ní ọmọ ṣubú.

Ní òjò tó kọjá, ó lọ ra ọjà l'Ékòó, ó fi ọmọ sọ́dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, orí fọ́ ọmọ, ó bì. Wọ́n ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì. Lọ́jọ́ kejì, ó ń sùn ṣáá, bí wọ́n bá jí i á tún sùn. Àbúrò ọkọ yìí rántí ẹ̀rí tí ìyá ọmọ jẹ́. Ó rántí pé àdúrà ló wo ọmọ yìí sàn nígbà kan. Ó gbé e lọ síbi àdúrà, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà tọkàntọkàn mọ́jú. Kí ni ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ì bá tún ṣe? Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá rẹ̀ pè, wọ́n ní ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó kàn ń sùn ni. Ó figbe ta ní àárín ọjà. Túùbù náà ti dí. Wọ́n bá a pààrọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ náà yè, ó ti padà sílé ìwé, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ yà díẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bó ṣe sọ ọ́ tán, Ìyá Ìjọ béèrè pé ilé àdúrà wo ni. Kò dá a lóhùn.

“Kí ló dé tó ò jẹ́ ẹ̀rí náà tán?”

“Ìyá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n sọ ọ́ tán?”

Ìyá Ìjọ wo ilẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

Èmi náà jẹ̀bi nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí n fò ó. Mo ti rí àpá ẹ̀yìn etí yẹn nígbà kan, nígbà tí wọ́n ń tú irun ọmọ náà, mo sì mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo dákẹ́. Iṣẹ́ wa kọ́ wa pé a kì í tú àṣírí aláìsàn. Ṣùgbọ́n mo lè fa ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Ta ló tún mọ̀ ọ́n nínú ilé yín?” Ìbéèrè yẹn ì bá ti tó. Oṣù mẹ́rin ló wà láàárín ọjọ́ tí mo rí àpá náà àti ọjọ́ tí túùbù dí.

Ìyá Ìjọ ní kí n tún àwọn àmì náà kà. Mo kà á: orí fífọ́ tí kò lọ, èébì, oorun tí kò bójú mu, ojú tó yà tàbí tó ń rí méjì méjì, ibà tàbí kí ojú túùbù wú. Ọmọ tó bá ní túùbù lórí tí èyíkéyìí nínú rẹ̀ bá ń ṣe é, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Ó yá bírò lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé orin rẹ̀. Ó ní kí n má rò pé òun ti gbà pé kí wọ́n máa ṣí orí èèyàn, òun ò gbà. Ó ní àwọn ọmọ pọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá òun. Ó ra òróró irun rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n parí irun mi. Ọmọ náà gun orí àpótí. Onídìrí gbé òòyà, ó gbé e sílẹ̀, ó ní òun ò mọ ibi tí òun máa là mọ́. Ọmọ náà mú ìka onídìrí, ó fà á láti ẹ̀yìn etí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn.

“Ibí ló gbà,” ó ní. “Ẹ ya ibí sílẹ̀.”